Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Wọn Àmàlà Wò: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Olùkọ́ Ìmọ̀ Oúnjẹ ní Kwara

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ̀yin olùkọ́ àti olórí ẹ̀ka tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìmọ̀ oúnjẹ àti ìtọ́jú aláìsàn,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá àwọn ọmọ. Ìlọrin ni mo ti ń kọ ìwé yìí, Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹnu dùn ju iyọ̀. Ẹ má rò pé rárà ni mo fẹ́ sun. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ tèmi kò lè gbọ́ "iyọ̀" kó má gbé orí sókè, nítorí kò sí ọjọ́ tí Ọlọ́run dá tí n kì í bá ẹnì kan jiyàn lórí rẹ̀.

Onímọ̀ oúnjẹ ni mí ní ilé ìwòsàn. Dietitian ni ìwé ẹ̀rí mi pè mí. Àwọn aláìsàn ní tiwọn ń pè mí ní "nọ́ọ̀sì oúnjẹ", àwọn ìyá àgbà kan sì ń pè mí ní "Àǹtí tí kì í jẹ́ ká jẹun". Bàbá kan láti Pàkátà, tí wọ́n dá dúró sí wọ́ọ̀dù ọkùnrin, bi mí léèrè fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko pé ìgbà wo gan-an ni mo máa gbé oúnjẹ náà dé, nítorí láti ọjọ́ tí mo ti ń wá, ẹnu lásán ni mo ń gbé wá. Mo rẹ́rìn-ín títí. Àmọ́ nígbà tí mo délé, ọ̀rọ̀ bàbá yẹn kò jẹ́ kí n sùn bọ̀rọ̀.

Lọ́dọọdún ni ẹ ń fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ránṣẹ́ sí irú wa. Àwọn kan wá fún IT, ìyẹn ètò SIWES tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ níbi iṣẹ́, tí àjọ ITF (Industrial Training Fund) dá sílẹ̀ ní 1973. Àwọn mìíràn ti gba dìgírì, ọdún ìkọ́ṣẹ́ ilé ìwòsàn ló kù wọ́n kù. Orí wọn pé, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Bí ẹ bá ní kí wọ́n ka ìgbésẹ̀ mẹ́rin tí iṣẹ́ wa ń tẹ̀ lé, kí a yẹ aláìsàn wò, kí a dá ìṣòro oúnjẹ rẹ̀ mọ̀, kí a tọ́jú rẹ̀, kí a sì máa tọ pinpin rẹ̀, wọn á kà á bí ọmọ kéwú ṣe ń ka wàláà. Wọ́n mọ̀ pé giramu ọ̀rá kan ń fúnni ní kálórì 9, pé ti purotéènì àti ti kaboháídíréètì, èròjà afúnnilókun, jẹ́ 4. Ẹ ti ṣe èyí tó jẹ́ tiyín níbẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n bá jókòó níwájú aláìsàn ni ọ̀rọ̀ ń dà rú.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan lọ́dún tó kọjá, ní kílíníìkì àtọ̀gbẹ, mo ní kí ọ̀kan nínú wọn bá ìyá kan sọ̀rọ̀. Ọmọ tí èsì rẹ̀ dára jù nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Ìyá náà wá láti abúlé kan lẹ́yìn Ajàṣẹ́-Ìpo, ìtọ̀ ṣúgà ti bá a fínra fún bí ọdún mẹ́fà. Ọmọ náà kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó mú ìwé pélébé kan tí wọ́n tẹ̀ jáde láti orí kọ̀ǹpútà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka oúnjẹ tí ìyá lè jẹ: oats, ìrẹsì brown, broccoli, mílíìkì tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀, èso apple. Ìyá ń mi orí. Nígbà tó parí, ìyá ní, "Dókítà mi, ọmọ mi, Ọlọ́run á jẹ́ kó o dàgbà. Èlùbọ́ tó wà nílé ńkọ́, kí n ti ṣe é sí?"

Ọmọ náà wò mí. Mo dákẹ́, mo fẹ́ mọ ohun tó máa sọ. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má jẹ àmàlà mọ́, wíìtì ni kí ẹ máa jẹ." Ìyá dúpẹ́, ó dìde. Èrò pọ̀ lẹ́yìn, mo jẹ́ kó lọ. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo sì gbà á.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó padà wá, ṣúgà rẹ̀ ti ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Kò jẹ àmàlà o. Wíìtì ló ń jẹ láàárọ̀, wíìtì ló ń jẹ lálẹ́, òkìtì tó sì ń rò fi nǹkan bí ìlàjì ju àmàlà tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí mo béèrè ìdí rẹ̀, ó wò mí bíi pé orí mi dàrú. "Ṣebí oògùn lẹ ní ó jẹ́ ni?"

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ọmọ yẹn mọ̀ pé ìyẹ̀fun wíìtì kún fún kaboháídíréètì bí èlùbọ́ ṣe kún fún un. Ẹ bi í nínú ìdánwò, á gbà á. Ohun tí kò mọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń sọ ìwọ̀n fún ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n nílé. Ìwé tí ẹ fi ń kọ́ wọn ní ẹyọ kan nínú ìṣirò oúnjẹ afúnnilókun jẹ́ kaboháídíréètì giramu 15. Búrẹ́dì bíbẹ́ kan tó ẹyọ kan. Ìrẹsì sísè tó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta kọ́ọ̀pù tó ẹyọ kan. Kọ́ọ̀pù wo? Ní ilé tiwa, kọ́ọ̀pù lè jẹ́ èyí tí wọ́n fi ń mu tíì, ó lè jẹ́ agolo mílíìkì, ó sì lè jẹ́ ike ńlá tí wọ́n pín níbi ìkómọ tí orúkọ ọmọ àti ọjọ́ ìkómọ wà lára rẹ̀. Mo mọ ilé tó jẹ́ pé ike ìkómọ nìkan ni wọ́n fi ń wọn ohun gbogbo, láti orí gàrí dé orí oògùn ẹ̀fọn.

Ti àmàlà wá le jù, nítorí olóńjẹ kò mọ giramu, owó ló mọ̀. "Bá mi bu ti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta." Bí èlùbọ́ bá wọ́n lọ́jà, ti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta á fọn. Bí ó bá rọ̀, á sanra. Onímọ̀ oúnjẹ tó sọ fún aláìsàn lọ́dún méjì sẹ́yìn pé kó máa jẹ ti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lọ́dọ̀ olóńjẹ, ìwọ̀n tó fún un nígbà náà kọ́ ni aláìsàn ń jẹ lónìí, kò sì sí ẹni tó yí ọ̀rọ̀ padà. Ọjà ló yí i padà. Inú ìwé wo ni èyí wà? Kò sí ìwé tó lè gbà á, àfi kí ọmọ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ibẹ̀.

Mo gbìyànjú rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Mo mú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta, mo mú òṣùwọ̀n kékeré tí mo fi ń wọn ìyẹ̀fun kéèkì nílé, a ra àmàlà iye kan náà lọ́wọ́ olóńjẹ mẹ́ta láàárín Ọjà-Ọba sí Ìpàtà, a wọ̀n ọ́n. Ti ẹnì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti ẹnì kejì. Àwọn olóńjẹ rò pé ìjọba ló rán wa, ọ̀kan ní òun ti san owó ọjà. Nígbà tí a jókòó, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ní, "Mà, kí ni mo ti ń sọ fún àwọn èèyàn láti oṣù méjì?" Wákàtí méjì péré la fi ṣe é. Ọmọ yẹn kò ní gbàgbé rẹ̀ títí ayé.

Ọ̀rọ̀ èdè tún wà níbẹ̀. Òyìnbó ni ẹ fi ń kọ́ wọn, òyìnbó ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò, Yorùbá ni aláìsàn ń sọ. Ẹ ó ní ṣebí Yorùbá ni wọ́n bí wọn sí. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ Yorùbá tí wọ́n fi ń bá ọ̀rẹ́ ṣàwàdà yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n á fi ṣàlàyé kíndìnrín fún àgbà. Ọmọ kan sọ fún bàbá kan tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàárẹ̀ pé potassium, èròjà kan tó ń ti inú oúnjẹ wá, ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bàbá ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà ronú díẹ̀, ó rántí pé ara potash ni wọ́n ti mú orúkọ potassium, ó ní, "Bàbá, káún ni." Ọkàn bàbá balẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó ní òun kò jẹ káún láti ìgbà tí ìyàwó òun àgbà ti kú.

Ẹ wo àṣìṣe tó wà nínú ìdáhùn kan ṣoṣo yẹn. Káún tí a fi ń se ewédú kì í ṣe potassium, sodium ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ọ̀kan náà tó wà nínú iyọ̀. Ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló yẹ ká kìlọ̀ káún fún. Ohun tí bàbá kíndìnrín yẹn ń jẹ tó ní potassium ni iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀wà, àgbẹ̀ sì ni, Ìgbómìnà paraku, ìgbà iṣu tuntun ló wá bá wa. Sísun ló ń sun iṣu jẹ lóko. Iṣu sísun kì í sọ potassium rẹ̀ nù. Bí wọ́n bá gé e wẹ́wẹ́, tí wọ́n fi omi púpọ̀ bọ̀ ọ́, tí wọ́n da omi náà nù, tí wọ́n tún fi omi mìíràn sè é, púpọ̀ nínú rẹ̀ á bá omi lọ. Ọmọ náà mọ èyí. Ó mọ orúkọ rẹ̀ lédè òyìnbó, ó mọ iye tó yẹ kó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀nà tó máa gbé e dé inú ìkòkò ìyàwó bàbá ni kò mọ̀, ìyàwó tó sì ń dáná kò sí níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ pé kó kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ń dáná.

Ti iyọ̀ náà rèé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó giramu 5, ó fi díẹ̀ dín ní ṣíbí tíì kan. Àwọn ọmọ yín á ní, "Ẹ dín iyọ̀ kù." Àwọn ìyá á ní, "Mi ò jẹ iyọ̀ rárá," wọ́n á sì búra sí i. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Kúùbù mẹ́fà ló wọ inú ọbẹ̀ náà, iyọ̀ ló sì pọ̀ jù nínú kúùbù. Mo ti rí Àlàájà kan tó fi iyọ̀ pamọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀, tó fi kúùbù dípò rẹ̀, tó wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Kí ẹ má bàa sọ pé àwọn ọmọ nìkan ni mo ń fẹ̀sùn kàn, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan, wọ́n ní kí n pèsè oúnjẹ fún aláìsàn tí rọ́bà tín-ín-rín ń gba imú rẹ̀ lọ sínú ikùn. Mo ṣírò kálórì rẹ̀ láìṣì, mo ṣírò purotéènì. Ògì, ẹ̀wà sóyà, edé, mílíìkì, epo díẹ̀, irú èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí kwash pap. Asẹ́ ògì ni mo fi sẹ́ ẹ. Èèpo edé dí rọ́bà náà pa. Nọ́ọ̀sì àgbà kan fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ tì í títí, kò ṣí, wọ́n ní láti yọ ọ́ kí wọ́n tún òmíràn kì bọ imú aláìsàn náà. Mo dúró níbẹ̀. Omi dà lójú rẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀, ó kàn ń wò mí. Ìdá márùn-ún nínú márùn-ún ni olùkọ́ mi ìbá fún ìṣirò tí mo ṣe lọ́jọ́ náà. Láti ọjọ́ yẹn ni n kì í tíì jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan fún aláìsàn ní oúnjẹ rọ́bà láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ dà á gba inú rọ́bà òfìfo kan níwájú mi.

Ààwẹ̀ Rámádánì ńkọ́? Ìlọrin la wà. Kò sí oṣù tí kílíníìkì àtọ̀gbẹ wa ń ru gùdù bí oṣù tó ṣáájú rẹ̀. Àwọn àgbà fẹ́ gba ààwẹ̀, àwọn mìíràn kò sì ní gba ìyọ̀ǹda ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó gbà á. Ìlànà wà fún èyí, International Diabetes Federation, àjọ àgbáyé lórí àtọ̀gbẹ, àti ẹgbẹ́ DAR (Diabetes and Ramadan) gbé e jáde ní 2016, wọ́n tún un ṣe ní 2021. Ó sọ irú ẹni tí ewu rẹ̀ pọ̀, ó sì sọ pé bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá lọ sílẹ̀ ju 70 mg/dL lọ, tàbí tó bá ga ju 300 mg/dL lọ, kí onítọ̀hún ṣínu lójú ẹsẹ̀. Nínú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó ti wá sọ́dọ̀ mi, ẹnì kan péré ló ti gbọ́ nípa rẹ̀, ẹnu Àlùfáà àdúgbò rẹ̀ ló sì ti gbọ́ ọ, kì í ṣe ní kíláàsì. Ẹni tó bá kẹ́kọ̀ọ́ ní Kwara tí kò lè jókòó kó ṣètò sààrì àti ìṣínu fún ẹni tó ń lo oògùn ṣúgà, kó mọ ohun tí ẹ̀kọ mímu àti àkàrà ń ṣe tí wọ́n bá sáré wọnú ikùn òfìfo, ẹ jọ̀ọ́, kí la kọ́ ọ?

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà ní tiyín. Mo ti bá ọ̀kan nínú yín sọ̀rọ̀, ó ní akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀, owó kò sí, ilé ìwòsàn kì í sì í fẹ́ gba àwọn ọmọ. Òótọ́ ni. Kí n tún fi kún un fún yín: nígbà tí a bá gbà wọ́n, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ló ń sọ wọ́n di ọmọ ìdáná. Mo mọ ọmọ tó fi IT rẹ̀ gé àlùbọ́sà, tó ń ka abọ́, tó ń lọ ṣe fọ́tókọ́pì, tí ọ̀gá sì fọwọ́ sí logbook rẹ̀, ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, ní ọjọ́ tó kẹ́yìn láìṣí i wò. Ẹ̀yin kò wá wò ó, àwa kò sì jẹ́wọ́. Àwọn tó ti gba dìgírì tún ń dúró de àyè ìkọ́ṣẹ́, àyè náà kò sì tó wọn. Mo mọ èyí tó ń ta súyà wíwẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tó ń dúró. Súyà náà dùn, àmọ́ ìyẹn kọ́ la rán an lọ kọ́.

Àwọn ọ̀dọ́ ń bi mí léèrè nípa òkè òkun lójoojúmọ́. Mo máa ń sọ òótọ́ fún wọn. Ní Amẹ́ríkà, láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2024, ẹni tí kò bá ní dìgírì ẹlẹ́ẹ̀kejì kò lè jókòó ṣe ìdánwò ìforúkọsílẹ̀ wọn mọ́, ó sì gbọ́dọ̀ ti ṣe iṣẹ́ tí ẹnì kan ń bójú tó fún wákàtí 1000, ó kéré tán. Ní Ìlú Ọba, òfin kò jẹ́ kí ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé HCPC, àjọ tó ń forúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sílẹ̀ níbẹ̀, pe ara rẹ̀ ní dietitian. N kò ní kí ẹ da dìgírì ẹlẹ́ẹ̀kejì lé àwọn ọmọ tálákà lórí. Wákàtí yẹn ni mo ń tọ́ka sí. Wọ́n ń kà á. Akẹ́kọ̀ọ́ yín tó lo oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ wa, wákàtí mélòó ló fi jókòó ti aláìsàn? Bí wọ́n bá bi mí, mi ò lè dáhùn, logbook náà kò sì ní dáhùn.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò gba owó rẹpẹtẹ. Ẹ má jẹ́ kó di ọdún tó kẹ́yìn kí ọmọ tó rí aláìsàn. Láti ọdún kejì, kó ti máa wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wa lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kó kàn máa gbọ́ bí àwọn àgbà ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀. Ẹ gbé òṣùwọ̀n lé wọn lọ́wọ́ kí ẹ rán wọn lọ sọ́jà, sọ́dọ̀ olóńjẹ, sọ́dọ̀ àwọn Fúlàní tó ń ta wàrà, kí wọ́n wá kọ ohun tí wọ́n bá wọ̀n sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, nítorí ti ọdún tó ń bọ̀ á yàtọ̀. Àwọn tó wá láti Ìbọ̀lọ́, láti Ìgbómìnà, láti Èkìtì Kwara, kí oníkálukú mú ti ilé rẹ̀ wá. Nígbà ìdánwò àṣekágbá, ẹ wá ìyá àgbà kan jókòó, ìyá tó ń jiyàn, kí ọmọ náà fi Yorùbá ṣàlàyé oúnjẹ fún un, kí ìyá náà wá tún un sọ fún yín lẹ́nu ara rẹ̀. Bí ìyá kò bá lè tún un sọ, ẹ má fún ọmọ náà ní máàkì. (Mo mọ ìyá kan tó máa ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, bí ẹ bá lè gba èébú.)

Àwọn tí kò ní ṣiṣẹ́ ilé ìwòsàn náà, àwọn tó máa lọ sí ilé iṣẹ́ oúnjẹ, sí ètò ìlera abúlé, sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé, wọ́n nílò rẹ̀ bákan náà. Ọmọ tó mọ̀ pé bí ìyípo apá òkè ọmọdé bá dín ní sẹ̀ǹtímítà 11.5, ewu ti dé, tí kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń bá ìyá ọmọ náà sọ̀rọ̀ láìdójú tì í níwájú àwọn ìyá tó kù, ìyá náà kò ní padà wá.

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni kílíníìkì àtọ̀gbẹ wa, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni a ń bẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń kún dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ kó wọn wá, kí ẹ̀yin náà bá wọn wá. Ìyá Ajàṣẹ́ ṣì ń wá, ṣúgà rẹ̀ ti ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àmàlà ló tún ń jẹ báyìí. Igbá kékeré kan tí èmi àti ọmọ rẹ̀ obìnrin jọ yàn ló fi ń wọ̀n ọ́n, ó sì máa ń gbé e sínú báàgì wá fi hàn mí pé òun kò tíì pààrọ̀ rẹ̀.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Onímọ̀ oúnjẹ kan, Ìlọrin